Ọ̀nà Tí Owó Ń Gbà Wálé Ni Fíìmù Ń Tọ̀

Àǹtí mi tó ń ta àǹkárá ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, kì í fi fíìmù Yorùbá ṣeré rárá. Àtàárọ̀ ni fóònù wọn ti máa ń fẹ̀yìn ti òkìtì aṣọ. Oníbàárà dé, wọ́n á dá a dúró. Oníbàárà lọ, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo yà kí wọn, wọ́n fa àpótí kan fún mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń bá wọn kọ eré, wá ṣàlàyé fún mi. Kí ló dé tó jẹ́ inú pálọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí? Kí ló dé tí wọ́n á ti máa pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀, ká tó mọ ohun tó ń bí wọn nínú? Ṣé làákàyè ti tán lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni, àbí ojúkòkòrò? Àwa tá a wo eré Ògúndé, a mọ ohun tá à ń sọ."

Mo ṣàlàyé fún wọn títí wọ́n fi ń palẹ̀ ọjà mọ́. Ìbéèrè náà kò mọ sọ́dọ̀ wọn, mo ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, mo ń gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Làákàyè kò tán. Ojúkòkòrò náà kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀, torí kò sí ìgbà tí àwọn tó ń ṣeré kò fẹ́ jẹun. Ohun tó yí padà ni ọ̀nà tí owó ń gbà padà sọ́wọ́ ẹni tó ná an, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya eré. Bí méjèèjì bá ti yí, eré gbọ́dọ̀ yí: bó ṣe gùn tó, iye èèyàn tó máa wà nínú rẹ̀, ilé tàbí ìgbẹ́ tí wọ́n á ti yà á, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe máa parí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fíìmù fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ya àwòrán sí láyé ọjọ́un, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ya fíìmù lónìí kò fojú kàn án rí. Àwòrán 24 ni kámẹ́rà ń yà sórí ọ̀rá yìí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Nínú irú èyí tí àwọn ilé sínimá ńlá ń lò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, róòlù tó gùn tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kò ju ìṣẹ́jú 11 lọ tó fi ń tán. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ewúrẹ́ bá gba àárín wọn kọjá, ọ̀rá tó ti kọjá lójú kámẹ́rà ti lọ nìyẹn, kò ṣeé pa rẹ́ kí a tún lò ó. Owó òkèèrè la fi ń ra ọ̀rá náà. Bí a bá yà á tán, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń kó o lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́, kí ẹni tó yà á tó mọ̀ bóyá ohun tó yà jáde dáadáa.

Ẹni tí ọ̀rá bá wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ tó báyìí, kò ní gbé òṣèré tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú kámẹ́rà. Hubert Ògúndé ti ń kó ẹgbẹ́ eré rìn ká láti 1945. Nígbà tí ó fi máa gbé Ayé jáde lórí ọ̀rá ní 1979, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún gbọọrọ dúró lórí ìtàgé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Ọmọ ẹgbẹ́ ń bá ọ̀gá gbé, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sùn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ṣe eré kan náà láti ìlú dé ìlú títí tí ó fi wọ̀ wọ́n lára bí aṣọ. Ọ̀rá wọ́n, ṣùgbọ́n àkókò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òdìkejì rẹ̀ gan-an la bá ara wa nínú rẹ̀ lónìí.

Báwo wá ni owó ṣe ń wálé nígbà náà? Ẹnu ọ̀nà ni. Wọ́n á gbé fíìmù náà dání fúnra wọn, wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á fi mọ́tò tí wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ké yí ìlú ká, ẹni tó bá fẹ́ wò ó á sanwó kó tó wọlé. Ẹni tó ti sanwó, tó ti jókòó sínú òkùnkùn láàárín èrò, kò ní dìde ní ìṣẹ́jú kejì. Nítorí náà, eré lè rọra bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè lu ìlù, kí wọ́n ṣe ìjúbà, kí ọdẹ sun ìjálá, kí àwọn àjẹ́ jáde níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni àwọn àǹtí mi ń rántí. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà ló fún ọgbọ́n yẹn láyè láti mí.

Nǹkan méjì ló ba ayé yẹn jẹ́. Àkọ́kọ́ ni àwọn adàkọ. Ọ̀run Móorú tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, gbé jáde ní 1982 bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, àwọn èèyàn ń wò ó nílé, owó tí àgbà òṣèré náà yá láti fi ṣe é kò sì wálé mọ́. Èkejì ni náírà. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní 1986, nígbà tí a ó fi rí 1989, dọ́là kan ti lé ní náírà méje. Ọ̀rá tí à ń fi owó òkèèrè rà, tí à ń fi owó òkèèrè fọ̀, di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Kò sí ẹni tó jókòó ṣèpàdé pé kí á má ya sẹ́lúlọ́ìdì, ìyẹn ọ̀rá yìí, mọ́. Owó ló parí rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó pa àwọn tó ṣáájú ni àwọn tó kù wá gùn bí ẹṣin. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun náà ni wọ́n gbé wá síbi eré. Àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì òfìfo rí i pé bí eré bá wà lórí rẹ̀, ó ń tà jù. Kenneth Nnebue, ọ̀kan lára wọn, ti ń náwó sí eré Yorùbá kí ó tó gbé Living in Bondage, eré Igbo tí gbogbo ilé mọ̀, jáde ní 1992. Láti ìgbà náà ni owó ti ń wálé láti orí àtẹ: iye kásẹ́ẹ̀tì tí a tà ni iye tí a jẹ.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí eré. Bí owó bá jẹ́ ti kásẹ́ẹ̀tì, ìtàn kan tó bá lè gba kásẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò pa owó. Ibẹ̀ ni apá kìíní àti apá kejì ti wá, kì í ṣe pé ìtàn náà gùn. Ẹni tó wá rajà ní Ìdúmọ̀tà kò tíì wo eré náà, pósítà nìkan ló rí, nítorí náà, ojú tó wà lára pósítà di ohun tó ń ta eré, máákẹ́tà, ìyẹn oníṣòwò tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì náà, sì di ẹni tó ń sọ fún adarí eré irú òṣèré tó gbọ́dọ̀ lò. Tẹlifíṣàn ilé kéré, ẹni tó ń wò ó sì ń gúnyán, ó ń wẹ ọmọ, ó ń dá oníṣẹ́ lóhùn. Bí òṣèré kò bá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ síta, ẹni tó wà ní kíṣíìnì kò ní mọ̀. Báyìí ni eré wa ṣe di èyí tí etí lè wò. Ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀ kún, àwòrán sì fà sẹ́yìn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé kásẹ́ẹ̀tì pa ọgbọ́n. Túndé Kèlání ti fi ojú kámẹ́rà ya sẹ́lúlọ́ìdì kí ayé tó yí. Nígbà tí ó bọ́ sí fídíò, Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993 pé apá mẹ́ta, bí ọjà ṣe ń béèrè, ṣùgbọ́n apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹran lára. Ó gba ọ̀nà tí owó ń gbà, kò sì jẹ́ kí ọ̀nà náà gbé òun lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Irú wọn kò pọ̀, mo gbà. Ìgbà wo ni wọ́n pọ̀ rí?

Mi ò ní pẹ́ lórí ayé CD. Ìlànà kan náà ni pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì, àfi pé pẹlẹbẹ yìí rọrùn láti dà kọ jù ú lọ, títí àwọn adàkọ fi ń kó fíìmù ogún sórí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tà ní pópó. Ọjà náà ṣubú.

Nígbà tí ó ṣubú, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí. Sínimá inú ilé ìtajà ńlá ni ọ̀kan, èyí tó padà wá gbilẹ̀ l'Ékòó láti nǹkan bí 2004. Ọmọ Ìkòròdú wa, Fúnkẹ́ Akíndélé, ló fi ibi tí ọ̀nà yẹn lè gbé èèyàn dé hàn wá: fíìmù rẹ̀ tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sínimá ilé. Ẹ wo oṣù tó jáde. Kérésìmesì ni, nígbà tí àwọn ará òkè òkun wálé, tí ọwọ́ dilẹ̀, tí ìdílé fẹ́ jáde lọ rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Owó sínimá fẹ́ràn eré tí èèyàn mẹ́wàá lè jọ lọ wò, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fẹ̀ àti àríyá fi ń pọ̀ ní ìparí ọdún.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá sanwó, bíi Netflix, tó wọ Nàìjíríà ní 2016. Tiwọn yàtọ̀ pátápátá, torí owó lè wá kí a tó ya eré, tàbí kí wọ́n rà á lódidi lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ti rí owó gbà ṣáájú lè ra ẹṣin, ó lè kọ́ ààfin, ó lè wọ igba èèyàn láṣọ ogun. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló mú eré ọba àti jagunjagun ayé àtijọ́ padà wá láàárín 2022 sí 2024, bí Jagun Jagun ti 2023, kó wo owó tó wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí àwọn baba ńlá wa ní 2022. A ti ń rántí wọn tipẹ́, àpò ló kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún ọ lówó náà ló ń sọ irú kámẹ́rà tó fẹ́ àti bí àwòrán ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó, ó sì lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun kò ṣe mọ́. Ní Oṣù Kìíní 2024, Prime Video ti Amazon kéde pé àwọn kò ní náwó sí eré tuntun láti Áfíríkà mọ́. Ẹni tó ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà yẹn bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ọ̀nà kẹta ni ti àǹtí mi ní Sábó, èyí tó ń jẹ́ YouTube, òun sì ni mo mọ̀ jù torí òun ni mo ń jẹ lára rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó kò san kọ́bọ̀ fún wa, dátà nìkan ló ń rà. Àwọn tó ń polówó ọjà ló ń sanwó. Kí chánẹ́ẹ̀lì tó ń gbé fídíò gígùn jáde bíi tiwa tó lè gba nínú owó ìpolówó yìí, ó gbọ́dọ̀ ní 1,000 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú 100 náírà owó ìpolówó tó wọlé lórí fídíò, 55 ni ti ẹni tó ni chánẹ́ẹ̀lì, YouTube mú 45. Fídíò tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n ń jẹ́ kí a ki ìpolówó bọ àárín rẹ̀. Bí eré bá wá gùn tó wákàtí kan ààbọ̀, ibi tí a lè ki ìpolówó bọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eré fi ń gùn. Ìpolówó kì í sì í dọ́gba: ohun tí ilé iṣẹ́ kan ń san kí ará Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lè rí ọjà òun, ó pọ̀ fíìfíì ju èyí tí wọ́n ń san nítorí ẹni tó wà ní Ìkòròdú. Ẹ̀yin tó ti ń rí i pé ọmọ òkè òkun tó padà wálé bá ìyàwó tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fún un pọ̀ jù nínú eré wa, ẹ ti mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Àmọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kọ́ ló ń yí ọwọ́ òǹkọ̀wé padà jù. Ilà kan ni.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ní chánẹ́ẹ̀lì tiwọn, pè mí sílé wọn ní Ìgbógbó lọ́jọ́ kan. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ilà náà hàn mí, èyí tó ń fi iye èèyàn tó ṣì ń wo eré hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo fídíò orí YouTube ló ní tirẹ̀, ẹni tó ni fídíò ló sì ń rí i. Òkè ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé gbogbo ẹni tó tẹ fíìmù náà ló wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Á wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń já kúrò níkọ̀ọ̀kan. Níbi tí eré bá ti dùn mọ́ wọn, ilà á tẹ́jú. Níbi tó bá ti sú wọn, á já bí okùn kànga. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka sí ibì kan tó ti já wálẹ̀ ganrangan. Wọ́n ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

A tẹ̀ ẹ́, a wò ó. Ìyá kan ló jókòó sẹ́yìnkùlé lórí àpótí, ó ń já ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti ta ilé bàbá rẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń já ewé, ó ń ju igi rẹ̀ nù. Ó ṣa ewé kan tó ti pọ́n sọ́tọ̀, ó wò ó, ó tún mú un, ó jù ú pọ̀ mọ́ èyí tó dára. Lẹ́yìn náà ló wá ń já igi sínú abọ́, ó ń ju ewé nù, kò sì mọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, kò sì sí ibì kan nínú eré náà tí mo fẹ́ràn tó o.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú. Wọ́n ní, "Àbúrò, mo mọ̀ pé ó dára. Ìyàwó mi sunkún níbí. Ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n ti ń lọ. Ẹni tó bá lọ níbí kò ní rí ìpolówó iwájú. Nínú èyí tó kàn, jẹ́ kó sọ̀rọ̀, tàbí kó kígbe."

Èsì ìbéèrè àǹtí mi nípa ariwo nìyẹn. Ògúndé ń wo èrò lójú. Bí wọ́n bá dákẹ́ rọ́rọ́, ó lè mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rù ni tàbí ti oorun. Ilà kò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó pa fóònù rẹ̀ torí pé oníbàárà dé, ẹni tí dátà rẹ̀ tán, ẹni tí omijé ò jẹ́ kó ríran mọ́, ẹni tí eré sú, ohun kan náà ni ilà ń kọ sílẹ̀ fún gbogbo wọn: ó ti lọ. Bí àwa náà bá wá ń kọ ìwé eré pẹ̀lú ojú lára ilà, a ó máa fi ìjà bẹ̀rẹ̀, a ó máa fi ẹkún dí gbogbo àlàfo. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ìbẹ̀rẹ̀ eré mẹ́ta tẹ̀léra tí ẹnì kan gbá ẹnì kejì létí kó tó pé ìṣẹ́jú kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ pálọ̀. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Láyé ọ̀rá, ohun tí wọ́n ń ya eré sí ló wọ́n, àkókò sì pọ̀. Lónìí, káàdì kékeré tó wà nínú kámẹ́rà ń gba wákàtí púpọ̀, bí kò bá dára, a ó pa á rẹ́, a ó tún un yà. Àwòrán ti di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pa owó: owó òṣèré, oúnjẹ, mọ́tò, owó ilé tí a háyà, epo. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí Oṣù Karùn-ún 2023. Lítà tí kò tó 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ní 2024 ó kọjá 1,000. Nínú ilé kan ṣoṣo, a ní pálọ̀, yàrá, kíṣíìnì, ẹnu géètì àti ẹ̀yìnkùlé. A lè ya eré tán níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin láìgbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lójú kan. Gbogbo ìgbà tí ìtàn bá jáde sí ìta, owó ń jáde tẹ̀lé e.

Òru ló ń kọ́kọ́ kú. Mo kọ ìran kan tí ìyá ọlọ́mọ kan dúró létí ọ̀sà ní Ìpakodò láàárín òru, ó ń retí ọkọ̀ ojú omi tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì lókèèrè, ó rò pé òun nìyẹn, ẹ́ńjìnnì náà kọjá lọ. Nígbà tí a jókòó ṣírò rẹ̀, ó gba iná ńlá, ó gba jẹnẹrétọ̀ tí a ó gbé jìnnà kí ohùn rẹ̀ má baà wọ máíkì, wáyà gígùn, owó àwọn ọmọ àdúgbò, ibi tí àwọn òṣèré máa sùn, nítorí kò sí ẹni tó máa fi wọ́n sójú títì Ìkòròdú ní aago méjì òru. Ẹni tó ń náwó sí eré náà ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pa á rẹ́ pẹ̀lú bíírò pupa. Ohun tí ẹ wá wò nínú eré náà ni ìyá kan nínú pálọ̀, ní ọ̀sán gangan, tí fóònù rẹ̀ dún: "Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Káyọ̀dé? Ẹ jókòó ná, mà." Inú pálọ̀ ni òru, ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì àti ìrètí obìnrin yẹn parí sí.

Ẹ̀rọ tó ń fìyà jẹ wá níbì kan ń là wá níbòmíràn, ìlú yìí sì jẹ́rìí sí i. Àwọn ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois kò ní kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù ni wọ́n ní, àti àwọn nǹkan tó wà nínú ilé gbogbo wa: igi ìgbálẹ̀, ìkòkò, bárò ìkólẹ̀. Wọ́n ń wo fíìmù ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń wá ohun tí yóò rọ́pò bàálù níbẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí yóò rọ́pò ìbọn, wọ́n sì ń tò ó ní àwòrán sí àwòrán títí tí yóò fi bá tòkè òkun mu. Ní 2020, àwọn tó ṣe fíìmù Extraction rí èyí tí wọ́n fara wé tiwọn, wọ́n gbóṣùbà fún wọn, Netflix sì fi kámẹ́rà àti irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn kan fi wọ́n ṣe ẹ̀rín nìkan. Èmi rí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi bárò rọ́pò ọkọ̀ ogun ti mọ ohun tí kámẹ́rà nílò láti rí, àti ohun tí ojú èèyàn yóò bá a parí fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní kámẹ́rà ńlá ti gbàgbé ìyẹn.

Wọ́n tún ń bi mí nípa ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé, tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ pósítà tí ẹ ń rí, òun ló yà á. Ti ọ̀rọ̀ Yorùbá kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbìyànjú láti fi ohùn ẹ̀rọ sọ ìtàn nínú eré rẹ̀, "ọkọ rẹ̀ ti dé" jáde bí "ọkọ̀ rẹ̀ ti dé", ni mọ́tò bá di baálé ilé. Orí ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ èdè, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a kọ ní Yorùbá ni a kò fi àmì sí lórí. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n sọ, ilà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni wọn yóò fi kọ́ ọ, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Yóò máa kọ eré tí ẹnikẹ́ni kò ní já kúrò nínú rẹ̀, kò sì ní sí ìyá tó ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀.

Ìran Ìpakodò kò kúrò lọ́kàn mi. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì lọ síbẹ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù kan la mú dání, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì méjì tí a fi ọ̀rá funfun bò kí iná rẹ̀ lè rọ̀. Òṣèré tó yẹ kó ṣe ìyá náà nígbà yẹn wá, wọn kò gbowó, wọ́n ní àwọn náà kò tíì gbàgbé rẹ̀. A kò nílò láti dá ohùn ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀ ló ń kọjá lóòótọ́. Ìṣẹ́jú kan àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìgbógbó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní àwọn yóò fi sínú eré tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìpolówó kejì, ká jọ wo ohun tí ilà máa wí.

Kí ó tó dé ibẹ̀, mo gbé e lọ fún àǹtí mi ní Sábó. Mo fi fóònù ti òkìtì aṣọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Oníbàárà kan dé láàárín, ó ń béèrè iye àǹkárá aláwọ̀ omi aró. Àǹtí mi gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dúró ná, wọn kò yí ojú. Nígbà tó tán, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ náà padà dé?"